Àpá Òkè Itan Àmúdà Aránṣọ

Irọ́ wà nínú ìwé yìí. Ràbíátù Fádípẹ̀ ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé irọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tíì mọ ìlà tó fara pamọ́ sí.

Jímọ̀, alága àwọn onímọ́tò, ló kọ ìwé náà sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìlá-Ọ̀ràngún. Ojú ewé méjì péré ni. Ó ní Ṣùkúrátù ìyàwó àbúrò òun ló pa ọkọ rẹ̀, Àmúdà aránṣọ. Ó ní obìnrin náà fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó sì fi máa di aago mẹ́jọ, òun bá àbúrò òun nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì ló wá kọ ọ́ pé: “Nígbà tí a ń wẹ òkú, èmi Jímọ̀ fi ojú ara mi rí àpá kan ní òkè itan ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé abẹ́. Kò tó orí ìṣó. Oúnjẹ ló fi kùn ún lóorun, ibẹ̀ ló sì ti gún un ní májèlé.”

Ràbíátù fi ìka tẹ ìlà yẹn. Òun nìkan ni obìnrin tó jẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ náà, ọmọ Ìlá ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fo orúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéga nítorí ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà ò sì tíì dín kù, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Kọ́ńsítébù méjì wọlé, wọ́n ń mí fúkẹ́fúkẹ́. Ọ̀kan na ọwọ́ sí ìwé náà kó bá a sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fi dúdú sára rẹ̀.

“Háà! Kí lo fọwọ́ kàn?”

“Ẹ má bínú, mà. Bọ́ọ̀sì Alága Jímọ̀ ni. Bí a ò bá tì í, kì í jí. Èéfín ti kún gbogbo ìdí rẹ̀, kì í sì tètè bọ́ lọ́wọ́.”

“Kí ni bọ́ọ̀sì Alága wá ṣe níbí?”

Ọ̀gá Alfred, ọ̀gá àgọ́, ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ọmọ Ìgbómìnà, kò sì tíì pé ọdún kan tó dé.

“Òun ló máa gbé obìnrin yẹn lọ sí Òṣogbo ní aago mẹ́rin. Láńdírófà wa ti wà lórí búlọ́ọ̀kù láti èṣín. Ọkọ̀ wo lo fẹ́ kí n fi gbé e?”

“Sà, ọkọ̀ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án?”

“Ọkọ̀ ni ọkọ̀.”

“Tó bá ti dé Òṣogbo, ó di ọdún mélòó kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ ní kóòtù? Ọmọ mẹ́ta ló ní, sà. Wọ́n á pín wọn káàkiri kó tó jáde.”

“Ọ̀rọ̀ kóòtù nìyẹn, Sájẹ́ǹtì.”

“Ọ̀rọ̀ tèmi náà ni. Ẹ fún mi di aago mẹ́rin.”

“Bí mi ò bá fún ẹ ńkọ́?”

“Màá gbà á fúnra mi, sà.”

Ọ̀gá Alfred wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

*

Ṣùkúrátù kò jókòó. Ó dúró lẹ́yìn káńtà nínú aṣọ dúdú opó, ọjọ́ kẹrin tákàbá rẹ̀ rèé, àtìmọ́lé ló sì ti ń ṣe é. Ràbíátù ní kó fìdí kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

“Mi ò jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó jẹ̀bi ló ń jókòó síbẹ̀ yẹn.”

“Ó dáa, dúró. Wọ́n bá ìgò kan lábẹ́ ibùsùn yín.”

Ìgò náà wà lórí káńtà, wọ́n fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí gbogbo àgọ́ ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Ràbíátù tú u, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó sì fi ìka méjì ra á.

“Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nìyí!”

“Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní tí kì í bá ṣe májèlé, kí n mu ún. Mo ní kí ọ̀gá wọn kọ́kọ́ mu tiẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ràbíátù, ó gbé e mì. “Àpá òkè itan rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ ọ́n?”

“Èmi ni ìyàwó rẹ̀, báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Àwọn dókítà ló ṣe é ní Ìbàdàn, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Òòyì máa ń kọ́ ọ tó bá ti gun òkè, ó tiẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan lọ́nà Òkè-Ìlá. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan itan rẹ̀, ó gòkè lọ dé inú ọkàn, wọ́n fi wo ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a lọ.”

“Jímọ̀ ní àbúrò òun ò dé ọsibítù rí láyé. Ó ní òwú ló lọ rà ní Ìbàdàn.”

“Irọ́ ni. Òun ló bá a gbé báàgì. Nígbà tí wọ́n dé, òun náà ló sọ fún wa pé dókítà ní kò sí nǹkan kan mọ́, kí Àmúdà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ.”

“Ìwé tí wọ́n fún wọn dà?”

“Ó ní wọn ò fún wọn ní ìwé.”

Ràbíátù kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí sí ọ̀rọ̀ Alága nìyẹn, ẹni tí ọlọ́pàá ń yá ọkọ̀ rẹ̀. Tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ti bàjẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ wá orúkọ aláìsàn kan ní ọsibítù ńlá Ìbàdàn, ó di ọjọ́ mẹ́ta.

“Kí ló ń rán lọ́wọ́ kó tó kú?”

“Aṣọ Iléyá, funfun báláú ni gbogbo wọn. Ó máa ń fọ ọwọ́ bí ẹni ń ṣe àlùwàlá kó tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà.” Ohùn rẹ̀ wá yí padà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Àmínátù mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bó bá sáré díẹ̀, á dúró, á di àyà mú, bíi ti bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa mú un lọ sí Ọ̀tan, sọ́dọ̀ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, tó máa ní kó gba odò lọ pọn omi. Èmi ò bẹ̀rù Òṣogbo. Ọmọ yẹn ni mò ń bẹ̀rù fún. Tí mo bá lọ, ta ló máa mọ̀ pé kò gbọdọ̀ sáré?”

Ràbíátù di gèlè rẹ̀ le, ó sì jáde.

*

Dókítà Ọláyọdé ní ọsibítù ìjọba ló kọ́kọ́ gbé ohun èlò rẹ̀ lé àyà Àmúdà. Ó rántí rẹ̀ dáadáa.

“Ariwo kan wà nínú àyà yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Èmi ni mo kọ ìwé pé kó lọ sí Ìbàdàn. Èsì ò padà dé ọ̀dọ̀ mi, mo rò pé kò lọ ni.”

“Kí lẹ fura sí, Dókítà?”

Dókítà fa abala ìwé kan ya, ó gé e sí awẹ́, ó sì dá wọn pọ̀ mọ́ra. “Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn. Awẹ́ mẹ́ta ló ní lára èmi àti ẹ̀yin. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé awẹ́ méjì ni wọ́n bí mọ́ wọn. Méjì á máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Nígbà tó bá yá, á yi, á le, kò ní ṣí dáadáa mọ́. Ohun tí mo rò pé ó ṣe Àmúdà nìyẹn.”

“Kí ni ìwòsàn rẹ̀?”

“Wọ́n á la àyà, wọ́n á yọ èyí tó bàjẹ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Mo tiẹ̀ kà á pé nílẹ̀ òyìnbó, wọ́n ń dán ọ̀nà mìíràn wò lára ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n á ká ilẹ̀kùn tuntun mọ́ orí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á tì í gba inú iṣan, á sì lọ ṣí nínú ọkàn, láìla àyà. Kò tíì kan èèyàn. Ọjọ́ tó bá sì kan èèyàn, àwọn aláwẹ́ méjì yìí ló máa yọ wọ́n lẹ́nu jù, torí ẹnu ọ̀nà tiwọn kì í rí róbótó.”

“Ṣé ó lè pa èèyàn lójijì?”

“Tó bá ṣe iṣẹ́ agbára, ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ aránṣọ tó jókòó jẹ́ẹ́ ti ẹ̀rọ rẹ̀?” Dókítà mi orí. “Sájẹ́ǹtì, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Mi ò ní lè fi ìyẹn búra ní kóòtù.”

Inú Ràbíátù bàjẹ́. Ó ti rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí, àṣé ẹ̀yìn ṣì kù. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Àmúdà. Aṣọ funfun mẹ́fà wà lórí ẹ̀rọ bí Àmúdà ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ó tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí àbàwọ́n kankan lára wọn, kò tiẹ̀ sí òwú lójú abẹ́rẹ́. Aago méjì ti kọjá. Ó pe ọlọ́kadà kan, ó ní kó gbé òun lọ sílé Àlùfáà Sàlámì, ẹni tó ń wẹ òkú ọkùnrin ládùúgbò wọn láti ìgbà tí Ràbíátù ti wà lọ́mọdé.

*

“Bàbá, ta ló wà nínú yàrá nígbà tí ẹ ń wẹ Àmúdà?”

“Èmi àti àlùfáà ẹgbẹ́ mi méjì.”

“Alága Jímọ̀ ńkọ́, sà?”

“Ìta ló wà, ó ń bá wa gbé omi wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ojú òun ò lè gbà á.”

“Àpá tó wà ní òkè itan ọ̀tún rẹ̀, ṣé ẹ rí i?”

Bàbá arúgbó náà fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí i. “Àpá wo? Ta ló rí abẹ́ òkú? Ràbíátù, ọmọ ilé kéú ni ìwọ! Láti ìdodo dé orúnkún, aṣọ ló bò ó, aṣọ náà ò sì ṣí títí a fi wọ̀ ọ́ ní aṣọ òkú. Abẹ́ aṣọ náà ni mo ti wẹ̀ ẹ́, mo fi àkísà wé ọwọ́. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ gan-an ò rí ibẹ̀, ẹni tó dúró síta ló máa wá rí i?”

Ràbíátù fẹ́ fò mọ́ bàbá náà. Ìlà tó ń wá láti àárọ̀ nìyẹn! Jímọ̀ tí kì í dúró níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú rò pé ìhòòhò ni wọ́n ń tú èèyàn sí.

“Ohun kan tiẹ̀ wà tó yà mí lẹ́nu,” ni Àlùfáà wí, ó ti ń rọlẹ̀. “Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Dúdú ni, bí ẹni tó fọwọ́ nu ìdí ìkòkò. Aránṣọ tó mọ́ tónítóní báyẹn! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.”

Ràbíátù dìde. Ó ti rí dúdú yẹn lónìí, orí tábìlì òun gan-an ló wà.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bàtà yín. Ọ̀kadà ń dúró.”

*

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti mú Ṣùkúrátù jáde. Jímọ̀ wà ní ìdí ìtọ́kọ̀, ọkùnrin gìrìwò, fìlà dúdú lórí. Àwọn kọ́ńsítébù ti gbé ọwọ́ lé ìdí bọ́ọ̀sì láti tì í.

“Ẹ dúró!” Ràbíátù bọ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró tán. “Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré.”

“Ọ̀gá Alfred, kí lèyí?” ni Jímọ̀ wí, àmọ́ ó sọ̀ kalẹ̀.

“Níbo lẹ ti rí àpá òkè itan Àmúdà?”

“Mo ti kọ ọ́. Níbi tí a ti ń wẹ òkú rẹ̀.”

“Bàbá, ẹ bá mi dá a lóhùn.”

Àlùfáà Sàlámì dá a lóhùn níwájú gbogbo wọn, kò sì fi iyọ̀ sí i. Ojú Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

“Bóyá… bóyá ẹnìkan ló sọ fún mi.”

“Ta ni? Ìyàwó rẹ̀ tí ẹ ń pè ní apààyàn? Ẹni méjì péré ló lè mọ àpá yẹn, Alága. Ẹni tó ń bá a sùn, àti ẹni tó jókòó tì í ní ọsibítù ní Ìbàdàn, nígbà tí bándéèjì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin sì ní kò dé ọsibítù rí.”

Jímọ̀ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ mú.

“Ìbéèrè kejì. Ẹ̀yin kọ́ńsítébù, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín síta.” Wọ́n nà á, ó dúdú kirikiri. “Bàbá, ṣé bó ṣe rí lọ́wọ́ Àmúdà nìyí?”

“Òun gan-an ni,” ni Àlùfáà wí. “Wọ̀ọ́, òun gan-an.”

“Aṣọ funfun mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí àbàwọ́n lára ọ̀kankan. Àmúdà ò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ ni. Ìbéèrè kẹta, Alága: ta ló bá yín ti bọ́ọ̀sì yìí láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè?”

Jímọ̀ ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó sì bú sẹ́kún. Mo kórìíra ọkùnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ṣùgbọ́n ẹkún yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn.

“Kọ̀ńdọ́kítọ̀ mi ò wá. Àmúdà wá kí mi, mo ní kó bá mi tì í díẹ̀. Díẹ̀ péré! Ọkọ̀ jí, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́. Ó ti wà nílẹ̀. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ti nǹkan.”

“Wọ́n ní wọ́n máa la àyà rẹ̀! Àbúrò mi! Wọ́n máa la àyà rẹ̀ bí ẹran Iléyá! Mo ní láéláé, ojú mi kọ́ ni. Mo sọ fún un pé wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, mo sì rò pé bí kò bá mọ̀, kò ní ṣe é. Nígbà tó kú, mo ní tí wọ́n bá bi mí… mi ò lè sọ fún ìyá wa. Mi ò lè sọ ọ́.”

“Ẹ wá sọ pé èmi ni,” ni Ṣùkúrátù wí. Kò gbé ohùn sókè.

“Ìwé náà dà?” ni Ràbíátù bi í.

Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, láàárín àwọn ìwé ọkọ̀. Ràbíátù tú u, ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń kà á. Ilẹ̀kùn ọkàn aláwẹ́ méjì ni, ó ti le koránkorán. Kí aláìsàn má ṣe gbé ohun tó wúwo, kó má sì ṣe tì í. Kó padà wá lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹrin láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ náà ti fi ọjọ́ méjìlá kọjá kó tó kú. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni Ràbíátù kà lẹ́ẹ̀mejì: kí wọ́n mú àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, nítorí àìsàn yìí máa ń wà nínú ẹbí.

Ṣùkúrátù gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ìwé kà, àmọ́ ó dì í mú pinpin.

Ọ̀gá Alfred wúkọ́. “Ìyá, ẹ lè máa lọ sílé. Alága, ẹ̀yin ẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ wà láàárín wa.”

“Rárá, sà,” ni Ṣùkúrátù wí.

“Kí ni rárá?”

“Ẹ ṣẹjọ́ rẹ̀ bó bá dé. Láàárọ̀ ọ̀la, Àmínátù ń lọ sí Ìbàdàn.” Ó kọjú sí Jímọ̀. “Ẹ̀yin lẹ máa wa ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ yàrá dókítà náà, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ gbé ìwé rẹ̀ pamọ́. Àyà tiyín náà, ẹ máa gbé e fún un kó gbọ́ ọ.”

“Ìyàwó wa,” ni Jímọ̀ wí, “inú tákàbá lo wà. O ò gbọdọ̀ jáde nílé.”

“Ìgbà tí ẹ̀ ń kó mi wá sí àtìmọ́lé, ṣé ẹ rántí tákàbá?”

Gbogbo ojú yí sí Àlùfáà Sàlámì. Bàbá náà ń ka tẹ̀sùbáà, kò gbójú sókè. “Ẹ̀mí ọmọ ni. Ọlọ́hun mọ ìdí tó fi jáde. Kó lọ.” Ọ̀gá Alfred náà gbà pé kí ẹjọ́ dúró dè é.

Jímọ̀ tẹ orí ba. Ó rìn lọ sí ìdí ìtọ́kọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ láti wò ó bóyá ọkọ̀ á lè lọ lọ́la. Bọ́ọ̀sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò jí. Àwọn kọ́ńsítébù tún lọ gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

“Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀!” ni Ṣùkúrátù pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọjọ́ mẹ́rin tó gbé ohùn sókè. “Ẹnikẹ́ni ò ní ti ọkọ̀ yìí mọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Alága, kí ẹ lọ wá bátìrì.”

Jímọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn gba títì lọ láti wá a. Ràbíátù wọlé, ó kó ojú ewé méjì tí Jímọ̀ kọ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí àpò ara rẹ̀.